Ọ̀bẹ Tó Ń Gé Ìlù

Bí ẹ bá dé òde ìsọmọlórúkọ ní Awo, ẹ má wo oníyàáàlù nìkan. Gbogbo ojú ló máa ń wà lára rẹ̀, n kò jiyàn: òun ló ń ki baba ọmọ, òun ló ń pe orúkọ àwọn àgbà tó jókòó, òun ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹ yíjú díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, sí ọmọkùnrin tó gbé ìlù rìbìtì kékeré kan kọ́rùn, tó fi awọ méjì tó le ń nà án lójú. Gúdúgúdú nìyẹn. Wọ́n ti fi ìda lẹ̀ ẹ́ lójú kí ohùn rẹ̀ lè dún ganran. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi pín oúnjẹ tán, ohun kan náà ló ń sọ. Oníyàáàlù lè ti inú oríkì bọ́ sínú òwe, kó ti inú òwe bọ́ sínú ẹ̀bẹ̀ owó. Gúdúgúdú kò bá a lọ. Ó dúró síbi tó wà. Bí ọmọ yẹn bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ijó dàrú nìyẹn, oníyàáàlù fúnra rẹ̀ á bojú wẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn onílù fi ń pe gúdúgúdú ní baba, bó ti wù kó kéré tó.

Mo ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ gbà pé orin orí kọ̀ǹpútà kò bá wa tan rárá. Ó bá wa tan. Ohun tí gúdúgúdú ń ṣe yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tó ń ṣe bíìtì lóde òní ń pè ní lúùpù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní sítúdíò ní Awo. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ó fi páálí ẹyin bo ara ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, ó fi aṣọ ìbora dí fèrèsé. Láptọ́ọ̀pù kan, sípíkà méjì, maikirofóònù kan tó so rọ̀ sórí irin: ẹrù ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ó máa ń pa á bó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, nítorí ariwo, á wá fi bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú. Inú ooru yàrá yẹn ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo ń kọ yìí.

Lúùpù ni ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà máa tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ti parí, láìjẹ́ kí etí mọ ibi tí ìparí ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rẹ ọmọ onígúdúgúdú, ó máa ń mu omi. Kì í rẹ lúùpù. Bí ẹ bá gba gúdúgúdú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lónìí, ẹ lè fi ṣe orin tí yóò gba wákàtí kan.

Ìṣòro rẹ̀ wà ní ibì kan. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà tí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wà lóde á rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí bátìrì bá ń kú lọ. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á ki, ìlù àpàlà á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì ń sáré ju bó ti yẹ lọ, Àyìnlá kan náà á di ọmọ ọdún méje. Eré àti ohùn so mọ́ra wọn nínú téèpù. Bí ẹ bá fa ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún lúùpù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Gúdúgúdú tí ẹ gbà sílẹ̀ lè máa rọra rìn, kí orin tí ẹ fẹ́ fi í sí sì máa yára. Bí ẹ bá mú kí gúdúgúdú sáré kó lè bá orin mu, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín, kò ní jẹ́ gúdúgúdú mọ́. Bí ẹ bá dá a dúró díẹ̀, á dún bí ẹni ń lu agolo tí omi wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Sweden ni ojútùú tó gbajúmọ̀ jù ti wá. Ní 1994, Ernst Nathorst-Böös, Marcus Zetterquist àti Pelle Jubel dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Stockholm, wọ́n pè é ní Propellerhead. Sọ́fítíwíà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún náà ni ReCycle. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ti di Reason Studios láti 2019, ṣùgbọ́n fáìlì tí ReCycle ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní REX, ṣì wà káàkiri ayé títí di òní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá fún ẹni tó bá ti dúró ti onílù rí. Kọ̀ǹpútà máa ń fi ìlù hàn bí àwòrán. Níbi tí nǹkan bá ti kan awọ, ìlà á ta sókè lójijì bí òkè Olúmọ, á wá máa rọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohùn ti ń kú lọ. Gbogbo ibi tí ìlà bá ti ta sókè ni sọ́fítíwíà náà ń fi àmì sí: ibí ni ẹyọ ìlù kan ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gé lúùpù sí wẹ́wẹ́ ní ojú àmì wọ̀nyẹn, ó sì ń rántí àkókò tí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dún. Bí ẹ bá ní kí ìlù yára, kò fọwọ́ kan wẹ́wẹ́ kankan. Ó kàn sún wọn mọ́ra. Bí ẹ bá ní kó rọra, á fi wọ́n jìn síra. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró bí onílù ṣe lù ú.

Ẹ padà wo ọmọ onígúdúgúdú yẹn. Nígbà tí oníyàáàlù bá fẹ́ kí ijó gbóná, tó ṣẹ́jú sí i pé kó ta, ṣé ọmọ náà máa ń da ìda tuntun sójú ìlù ni? Ṣé ó ń fa awọ rẹ̀ le sí i? Rárá o. Àlàfo tó wà láàrin ìlù kan sí èkejì ló ń dín kù. Ohun tí ẹ̀rọ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n ṣe ní 1994 ni ọwọ́ ọmọ yẹn ti ń ṣe kí bàbá bàbá rẹ̀ tó wáyé.

Gúdúgúdú rọrùn fún ọ̀bẹ yìí, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń gé ìlù, nítorí pé ohùn rẹ̀ kúrú, ó sì mọ́. Ìyáàlù ni ogun. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gé ìyáàlù dùndún. Ó ti gba ohùn bàbá onílù àgbà kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ohun tó tó wákàtí méjì. Bó ṣe ṣí fáìlì náà, àmì kún ojú kọ̀ǹpútà bí èèrà tó rí ṣúgà. Bàbá kò lu ìlù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a fetí sí i dáadáa la rí i pé ṣaworo ni. Àwọn ṣaworo idẹ tó yí ojú ìlù ká ń mì lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ bá ti kúrò lára awọ, kọ̀ǹpútà sì ń ka gbogbo mímì wọn mọ́ ìlù. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń sọ fún un pé kó má ṣe jẹ́ elétí-ọfẹ tó bẹ́ẹ̀. Ó yí i sílẹ̀, àmì dín kù, àwọn ìlù kan tí Bàbá rọra lù sì bá a lọ. Ó tún yí i sókè díẹ̀. Ó tó wákàtí kan tó fi ń ṣe èyí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àmì tí kò yẹ, ó ń fi èyí tó yẹ sí i. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni.

Ṣùgbọ́n ṣaworo kọ́ ni ogun tó tóbi jù nínú ìyáàlù. Ọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó ṣe ọ̀bẹ yìí, ìlù tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìlù tiwọn, bí ẹ bá gé e, tí ẹ to wẹ́wẹ́ rẹ̀ bó ti wù yín, ó ṣì jẹ́ ìlù. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjì yìí wò: ìlù àti ìlú. Lórí dùndún, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, ohùn ìsàlẹ̀ kan àti ohùn òkè kan. Bí ọmọ sítúdíò bá yọ wẹ́wẹ́ kejì kúrò, tó fi òmíràn tó ga rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó dùn létí, ìlù ti di ìlú, gbólóhùn tí Bàbá sọ sì ti dàrú. Ìgbà mìíràn sì wà tí onílù máa ń fa ọ̀sán mọ́ra nínú ẹyọ ìlù kan ṣoṣo, tí ohùn á yọ́ láti òkè wá sílẹ̀ kí kọ̀ǹgọ́ tó tún padà wá. Ẹyọ kan ni kọ̀ǹpútà rí níbẹ̀. Sílébù méjì ni Yorùbá gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè lè gé àdúrà sí wẹ́wẹ́, kó tò ó padà di ohun tí ẹnì kan kò lè lù níwájú ọba.

Ẹdẹ kò jìnnà sí wa, Ẹdẹ sì ti ní ọba kan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ní 1959, ó kọ àròkọ kan lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù, kí àwọn tó ń ka ìwé lè mọ̀ pé ohun tí onílù ń ṣe ní òfin, ó ní orúkọ, ó sì ní ẹ̀kọ́. Ọba aládé ni, tó jókòó sórí ìtẹ́ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, kò sì rò pé iṣẹ́ onílù rẹlẹ̀ ju kíkọ sílẹ̀ lọ. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí. Mo sì máa ń rò ó pé bí Kábíyèsí bá wà láyé lónìí, tó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá páálí ẹyin yẹn, kò ní bá a jà pé ó ń gé ìlù. Á bi í pé: ta ló lù ú, kí ló sọ, ṣé o sì ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ti dun àwọn onílù káàkiri ayé. Ní 1969, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní The Winstons gbé orin kan jáde, Amen, Brother. Láàrin orin náà, gbogbo ohun èlò dákẹ́, onílù wọn, Gregory Coleman, sì dá lu ìlù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé ìlù dé, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà yẹn ni wọ́n gé jù lọ láyé. Ó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin. Odindi ẹ̀yà orin kan ní Britain, jungle, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Coleman kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Inú ìṣẹ́ ló kú sí ní 2006. Ní 2015, àwọn olólùfẹ́ orin kóra jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá owó tó tó 24,000 pọ́n-ún fún Richard Spencer tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà. Owó náà dára, àmọ́ ẹni tó lu ìlù ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Àwa náà mọ ẹkún yìí. Ta ni nínú wa tí kò ra kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú rí, tí wọ́n fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, tí àwòrán olórin inú rẹ̀ kò hàn dáadáa? Ọjọ́ márùn-ún kí olórin tó gbé àwo tuntun jáde ni ayédèrú rẹ̀ á ti wà ní ọjà Alábà. Àwọn olórin kígbe títí ìjọba ológun fi ṣòfin lé e ní 1988. Òfin tuntun tó wà báyìí, Copyright Act 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ló buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó sì ka sọ́fítíwíà kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tí òfin ń dáàbò bò, gẹ́gẹ́ bó ti ń dáàbò bo ìwé àti orin. Ìyẹn ni pé lójú òfin Nàìjíríà, ìlù Bàbá àti ọ̀bẹ tí a fi gé e, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo gbọ́ pé kíráàkì ló ń lò. Kíráàkì ni sọ́fítíwíà olówó tí ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó wá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí aráyé máa wà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò gbé tiwọn o. Tiwọn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ń sọ. Kò jẹ́ mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò yọ kíráàkì náà kúrò. Èmi náà kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára tó. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tó gba ohùn bàbá onílù sílẹ̀ ni aburú dé. Ó fẹ́ sọ́fítíwíà mìíràn tó ń gé ìlù dáadáa ju èyí tó ní lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi línkì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Fáìlì tó wà jáde wà nínú páálí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, 1234, ìwé kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó sọ pé kó pa áńtífáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kó tó ṣí i, nítorí pé áńtífáírọ́ọ̀sì máa ń "ṣèèṣì" rò pé kíráàkì jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ó pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Àjèjì kan kan ilẹ̀kùn yín lóru, ó ní ẹ kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé nítorí pé ajá yín kò mọ ènìyàn rere. Ta ni yóò so ajá rẹ̀?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tó pè mí. Gbogbo fáìlì inú láptọ́ọ̀pù, orin, àwòrán, lẹ́tà tó fi ń wá iṣẹ́, ni wọ́n ti so lẹ́tà mẹ́rin àjèjì mọ́ ìdí orúkọ wọn. Kò sí èyí tó ṣí. Nínú àpò fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní _readme.txt: kó san 980 dọ́là, ṣùgbọ́n bó bá tètè wá láàrin wákàtí 72, wọ́n á gbà á ní 490. Iṣẹ́ ìdílé fáírọ́ọ̀sì kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní STOP tàbí Djvu, kíráàkì sì ni ọ̀nà tó fẹ́ràn jù láti gbà wọlé. Ilé-iṣẹ́ Emsisoft ti gbé ohun èlò ọ̀fẹ́ kan jáde láti 2019 tó lè tú díẹ̀ nínú rẹ̀. A gbìyànjú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti tiwa ni irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn olè nìkan. Kò lè tú u. Wákàtí méjì ìyáàlù Bàbá bá a lọ, òun àti ohùn àwọn olórin mẹ́rin tí wọ́n ti san owó.

Mo ti ka púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Kì í ṣe àṣìṣe pé àwọn olórin ni wọ́n ń dọdẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ESET, ilé-iṣẹ́ áńtífáírọ́ọ̀sì kan ní Slovakia, tú àṣírí nǹkan kan tí wọ́n sọ ní LoudMiner. Wọ́n ká a mọ́ inú kíráàkì sọ́fítíwíà orin 137 lórí ìkànnì kan ṣoṣo, fún Windows àti fún Mac. Kì í ti fáìlì pa. Ńṣe ló gbé kọ̀ǹpútà mìíràn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín, kó máa fi agbára rẹ̀ wa Monero, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún olówó rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Bí ẹni tó fa wáyà láti ara mítà yín gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sílé rẹ̀, tí ẹ ń san owó iná tí ẹ kò tàn. ESET sọ ìdí tí wọ́n fi yan àwọn olórin: ẹ̀rọ wọn máa ń lágbára, ó sì máa ń gbóná nígbà gbogbo, nítorí náà bó bá ń rá pálá, olórin á rò pé orin òun ló wúwo. Ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Awo lè máa fi owó epo tirẹ̀ bọ́ olè kan tí kò mọ̀ rí.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, oṣù kẹfà 2020, ti àwọn tó ń lo Mac dé. ThiefQuest ni wọ́n ń pè é, inú ayédèrú sọ́fítíwíà orin Ableton Live àti Mixed In Key ló fara pamọ́ sí. 50 dọ́là péré ló ń béèrè, ó dà bí ohun tí ènìyàn lè wá san. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn sanwó sí, wọn kò sì fi àdírẹ́sì kankan sílẹ̀ tí ẹ lè fi sọ pé ẹ̀yin lẹ san án. Ẹni tó san àti ẹni tí kò san, ọ̀kan ni wọ́n. Àwọn mìíràn wà tí kì í pariwo rárá: wọ́n á kó ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook yín, ti báǹkì yín, ti ìkànnì tí owó orin yín ń gbà wọlé, wọ́n á sì jẹ́ kí sọ́fítíwíà náà máa ṣiṣẹ́ geere kí ẹ má baà fura.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: owó ńkọ́? Òótọ́ ni. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, náírà la sì ń gbà. N kò ní bá ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó ń hù nínú oko kòkó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pọ̀ ju bí wọ́n ti ń sọ fún wọn lọ. FL Studio, tí àwọn ará Belgium gbé jáde ní 1997 pẹ̀lú orúkọ FruityLoops, tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ṣì ń pè ní Fruity, ní ẹ̀yà ìdánwò tí kò lọ́jọ́ tí yóò tán. Ohun èlò tó ń gé ìlù wà nínú rẹ̀. Ibi tó ká ènìyàn lọ́wọ́ kò ni pé bí ẹ bá pa iṣẹ́ dé, ẹ kò lè ṣí i padà àyàfi tí ẹ bá rà á. Ẹ sì lè gbé orin jáde kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá rà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí i títí ayé, ọ̀fẹ́ ni. Reaper ń fún yín ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fi dán gbogbo rẹ̀ wò, ọgọ́ta dọ́là ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kéré. LMMS, ọ̀fẹ́ ni. Audacity, ọ̀fẹ́ ni láti 2000 tó ti jáde.

Audacity kì í dán lójú bí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun ni mo fi kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣí ìlù náà. Ẹ fa àwòrán rẹ̀ tóbi títí ẹ ó fi rí i níbi tí awọ ti gba kọ̀ǹgọ́. Ẹ fi àmì síbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, kí ẹ wá ní kó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní fáìlì tirẹ̀ ní ojú àmì. Ó lọ́ra. Ó tún ní àǹfààní kan tí n kò retí: ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìyáàlù, tó ń kọ ohùn sábẹ́ ìlù kọ̀ọ̀kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Ọmọ yìí, tí kò lè sọ oríkì ìdílé rẹ̀ ju ìlà méjì lọ tẹ́lẹ̀, pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan láti bi mí bóyá ibi kan nínú ìlù náà jẹ́ orúkọ bàbá wa àgbà. Òun ni lóòótọ́.

A ti padà lọ bá bàbá onílù kó tó di pé a ní ohun tí a ó gé. A mú owó dání lọ́tẹ̀ yìí, a sì kọ ìwé: iye tí a fún un lónìí, àti iye tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ìlù rẹ̀ bá wà nínú orin tó pa owó wọlé. Bàbá wo ìwé náà pẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lùlù, kò sẹ́ni tó kọ ìwé fún òun rí. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, "Èyí tí mo lù fún ọ níjọ́sí ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ tán ni?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ó sọnù." Bàbá gbé ìlù kọ́ èjìká, ó dán ọ̀sán rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò lu ohun tó lù nígbà àkọ́kọ́. Èyí tó lù nígbà yẹn, tó ki gbogbo ìdílé wa dé orí ẹni tó tẹ agbolé dó, kò sí níbì kankan mọ́.

Tuntun náà wà nínú fláàṣì méjì báyìí, ọ̀kan ní sítúdíò, ọ̀kan nínú àpótí ìyàwó mi. Bí ọmọ kan bá wà nílé yín tó ń ṣe bíìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í lálẹ́ òní níbi tó ti rí sọ́fítíwíà tó ń lò. Bó bá ní wọ́n ní kó kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì bá a gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ sínú fláàṣì kí ilẹ̀ tó mọ́.